Bí A Ṣe Lè Mọ Eré Tẹlifíṣọ̀n Tó Dára Yàtọ̀ sí Èyí Tó Kàn Dùn Mọ́ Wa

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí eré bá ti parí lórí tẹlifíṣọ̀n ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní kò sí eré tó dà bí èyí rí, ẹlòmíràn á ní eré ọ̀hún kò já mọ́ nǹkan kan, àwọn méjèèjì á sì máa pariwo lé ara wọn lórí láìmọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tí oníkálukú ń dáhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ bí eré náà ṣe rí lára òun. Ẹnì kejì ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tí mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ẹni tó fẹ́ dá ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀, kó lè dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan láìfi èkíní ṣe ẹlẹ́rìí fún èkejì.

Ìlànà tí mo dì mú kò ju ẹyọ kan lọ: adùn kò nílò ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ lórí iṣẹ́ nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ní eré kan dùn mọ́ yín, kò sí ẹni tó lè já yín ní koro, torí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yín. Àmọ́ bí ẹ bá ní eré kan dára, ó yẹ kí ẹ lè nawọ́ sí ìran kan, sí gbólóhùn kan tàbí sí ìró kan, kí ẹni tó jókòó tì yín lè rí ohun tí ẹ rí, kódà bí òun kò bá gbádùn rẹ̀. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn lè wo aṣọ òfì kan kó ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun, síbẹ̀ kó gbà pé ẹni tó hun ún mọṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó fún adùn

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń wo eré, ẹ má ṣe mú ìwé àti bírò dání. Ẹ jẹ́ kí ó pa yín lẹ́rìn-ín bó bá fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín, kí ó sì bí yín nínú bó bá fẹ́ bí yín nínú. Ẹni tó bá ń wá àléébù láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yóò rí àléébù, ṣùgbọ́n kò ní rí eré. Bí apá náà bá ti parí ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ nípa bó ṣe rí lára yín, kí ẹ sì kọ ọ́ kí àwọn ará ilé tó dá sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn máa ń yára dà pọ̀ mọ́ tẹni débi pé èèyàn kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí adùn ọ̀hún ti wá, kí ẹ má sì tan ara yín. Ó lè jẹ́ ojú òṣèré kan tí ẹ fẹ́ràn. Ó lè jẹ́ pé ìyá ọkọ tí àṣírí rẹ̀ tú nínú eré náà jọ ẹnì kan tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ náà ni wọ́n mú iná wá lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, tí gbogbo ilé pé jọ, tí ẹ̀pà sísun sì wà nílẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe eré kò pọ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ìkórìíra. Eré tó tako ẹ̀sìn yín tàbí tó fi ẹni burúkú sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ níyà lè bí yín nínú gidigidi, kó sì jẹ́ pé ìdí tó fi bí yín nínú tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwa ará ibí jẹ ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni ìfẹ́ ìlú ẹni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Olóyè Lérè Páímọ́, orí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ a sì máa wú bó bá ti yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹ tó sọ pé ìran kan tí irú àgbà òṣèré bẹ́ẹ̀ ti kópa dára, ẹ fojú inú gbé òṣèré tí ẹ kò mọ̀ rí sí ipò rẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kó sì ṣe ohun kan náà. Bí ìran náà bá dúró lẹ́yìn pààrọ̀ yìí, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ìtàn náà ṣiṣẹ́. Bó bá wó, a jẹ́ pé òṣèré nìkan ló gbé e ró. Ìyẹn náà jẹ́ ìyìn, àmọ́ òṣèré ló ni ín, kì í ṣe eré.

Irú eré wo ni?

Kò yẹ kí á fi òṣùwọ̀n eré kan wọn òmíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, orí ìtàgé sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ṣe eré Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà ti wá. Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá ní ẹgbẹ́ òṣèré tí wọ́n ń kó káàkiri ìlú. Lórí ìtàgé, òṣèré ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́, kó sì fi gbogbo ara sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì sílẹ̀. Wọ́n á la ìtàn fún òṣèré, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi kún un. Ẹni tó bá fi ojú eré òde òní wo irú iṣẹ́ yẹn, tó sì ní àwọn òṣèré rẹ̀ ń ṣe àṣejù, kò tíì dájọ́ rárá. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni bóyá ọ̀rọ̀ àdásọ náà gbé ìtàn síwájú, tàbí òṣèré kàn ń to òwe lé òwe kí àwọn òǹwòran lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Eré tí ilé ẹjọ́ jẹ́ ibùdó ìtàn rẹ̀, irú Kóòtù Aṣípa tí Oyin Adéjọbí ṣe, ẹjọ́ àti ẹnu àwọn tó wá rojọ́ ló ń gbé e rìn. Kò dára kí á bínú sí i pé adájọ́ inú rẹ̀ kò yí ìwà padà, nítorí kò ṣèlérí ìyẹn fún wa. Eré àtìgbàdégbà tó ń tẹ̀ lé ìdílé kan fún ọ̀pọ̀ oṣù ló jẹ wá ní gbèsè bẹ́ẹ̀: bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ní apá kejì bá padà dé ní apá ogójì, ó yẹ kí ìyà tó jẹ lójú ọ̀nà hàn nínú ìwà rẹ̀.

Eré ilẹ̀ òkèèrè ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn tó wo eré Mẹ́síkò tí wọ́n ń pè ní The Rich Also Cry, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979, àti àwọn tó ń wo eré Íńdíà lórí Zee World lónìí, kì í gbọ́ ohùn òṣèré tí wọ́n ń rí. Ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n fi bò ó, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé òṣèré obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n sọ. Ojú rẹ̀, ìdúró rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan lẹ ní láti fi dá a lẹ́jọ́. Ní ti kí wọ́n máa fi ojú ẹnì kan náà hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ìró bí ààrá, àṣà irú eré bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ n kò ní kà á sí àṣìṣe, àyàfi bí wọ́n bá lò ó fún ìròyìn tí kò tó nǹkan.

Ìgbà kejì ni kí ẹ gbé bírò

Ìtàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ mú ìran mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ló fà á, kí ló sì yí padà nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá lè yọ ìran kan kúrò tí ohunkóhun kò sì yẹ̀, ẹrù lásán ni. Ẹ tún wò ó bóyá ìbéèrè kan ṣoṣo, tàbí kí èèyàn tẹ ẹlòmíràn láago, ni ì bá ti tú gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ náà ká. Ọ̀pọ̀ eré wa ló dúró lórí pé ọkọ rí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan, kò béèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, ìyàwó náà kò sì sọ pé àbúrò òun ni, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn á ṣe máa gùn lọ. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ agbéraga tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí a sì ti rí ìwà yìí lára rẹ̀ ṣáájú, kò burú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ ìtàn ló di ẹnu wọn.

Èèṣì pẹ̀lú nílò ìṣọ́ra. Kò sí ẹni tó ń bínú bí èèṣì bá dá wàhálà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, torí bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé èèṣì ló parí wàhálà, tí wòlíì tàbí babaláwo tí a kò rí rí dédé wọlé ní apá tó kẹ́yìn, tó sì tú gbogbo àṣírí síta, ìtàn náà kò parí. Wọ́n kàn dá a dúró ni.

Lẹ́yìn ìtàn ni ìfìwàwẹ̀dá, ìyẹn bí wọ́n ṣe dá ìwà àwọn èèyàn inú eré. Ẹ mú ẹni tó burú jù nínú eré náà, kí ẹ sì gbìyànjú láti sọ ohun tó ń wá láìlo ọ̀rọ̀ bí ìkà tàbí ìlara. Orogún tó ń gbìmọ̀ pọ̀ láti pa ọmọ orogún rẹ̀ lè máa bẹ̀rù pé wọn kò ní fún ọmọ tòun ní yàrá kan nínú ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ìdí bẹ́ẹ̀ lójú eré, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan ju ojú fífún pọ̀ àti ẹ̀rín burúkú lọ, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Èdè ni ibi tí etí àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti mú jù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ó yẹ kí á ti máa dájọ́ dáadáa. Nínú agboolé, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Orúkọ tóun fúnra rẹ̀ bá fún un ni yóò máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ kékeré. Bí ìyàwó inú eré bá wá ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ gbangba, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ìyá ọkọ bá yíjú, tí gbogbo ilé dákẹ́, tí ìjà sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ eré náà mọ ohun tó ń ṣe, ó sì fi gbólóhùn kan fi ìwà obìnrin náà hàn wá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fura, àìbìkítà ni. Bákan náà ni ẹkún ìyàwó nínú ìran ìgbéyàwó: ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n kàn fi kún un, ó sì lè jẹ́ ibi tí ọmọbìnrin náà ti sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí kò lè sọ lójúkojú. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín pé ó gbé àṣà lárugẹ. Ìyìn yẹn ti sú mi. Eré lè kún fún àṣà dẹ́nu kó má sì ní ìtàn.

Eré tó dá lórí ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń fẹ́ ojú méjì. Ojú àkọ́kọ́ ń wo òótọ́, èkejì ń wo bí àṣìṣe náà ṣe wúwo tó. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló sì gbé e dé etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún 16. Nítorí náà, Ọ̀rànmíyàn tó jókòó ti ẹ̀bà jẹ́ àṣìṣe, ṣùgbọ́n ìtàn kò ní wó nítorí rẹ̀. Ẹ fi rẹ́rìn-ín kí ẹ sì máa wò lọ. Ọdún 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́-Ilé, nígbà tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 1830 ni Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó sí Àgọ́-Ọ̀jà. Eré tó bá kó Gáà àti Àtìbà sí ààfin kan náà ti da nǹkan bí ọgọ́ta ọdún pọ̀, àyàfi bí ó bá ti sọ fún wa pé àròsọ lòun ń ṣe. Àṣìṣe tó wúwo jù ni èyí tó bá fọwọ́ kan ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn Ọ̀yọ́mèsì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè Aláàfin, jẹ́ méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn, wọ́n sì lágbára láti kọ ọba tó bá ń ṣe ìkà. Bí eré bá fi Aláàfin tó ń pààyàn bó ṣe wù ú hàn wá, tí kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó lè dá a lẹ́kun, tí gbogbo ìtàn náà sì dúró lórí pé kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀, ìpìlẹ̀ ìtàn náà ló ti yẹ̀ yẹn. Ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ ọba, tí wọn kò fá apá kan orí rẹ̀ kò tó èyí.

Ẹ má sì ṣe béèrè ohun tí eré kò pe ara rẹ̀. Nígbà tí eré àtìgbàdégbà Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe jáde lórí Netflix ní ọdún 2024, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni wọ́n gbé e sí, ṣùgbọ́n ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ àròsọ tí ẹyẹ àti agbára àjíǹde wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kì í ṣe ìwé ìtàn. Ohun tó yẹ kí á bi í ni bóyá òfin tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ nípa agbára náà ló ń tẹ̀ lé títí dé òpin.

Ní ti àwòrán àti ìró, ìdánwò kan tó fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà: ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ wo ìran kan tó pa yín lẹ́kún nígbà àkọ́kọ́. Bí ojú àti ìdúró àwọn òṣèré bá ṣì ń sọ ohun kan fún yín, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni omijé yẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ọ̀fìfo, orin ló sunkún fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ohùn padà kí ẹ sì diju: bí ìró jẹnẹrétọ̀ bá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí ohùn ń lọ sókè sódò láti ìlà kan sí èkejì, owó lè fà á, àmọ́ àléébù ni. Ẹ lè dárí ji àìlówó nínú ọkàn yín láìpè é ní ohun tó dára.

Ìgbà tí wọ́n bá ń fa ìtàn gùn

Ọ̀pọ̀ eré Yorùbá ló ti kó lọ sórí YouTube báyìí, owó tó ń ti ibẹ̀ wá sì ń ṣe nǹkan sí ìtàn. Láti ọdún 2020, fídíò tó bá tó ìṣẹ́jú 8 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ìpolówó ọjà wọ àárín rẹ̀, bí àwọn èèyàn bá sì ṣe ń pẹ́ lórí fídíò tó ni èrè rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí ọkọ̀ tó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ọjà láìsí ìdí, tàbí ìkíni tó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má ṣe yára dá gbogbo ìfàgùn lẹ́bi, ṣá o. Ìkíni gígùn láàárín àna méjì tó ń bínú síra wọn lè le ju ìjà lọ. Ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ń yí padà láàárín wọn bí ìkíni náà ṣe ń lọ. Iye èèyàn tó wò ó kò lè dáhùn èyí fún yín. Ohun tó lè sọ fún yín kò ju pé orúkọ òṣèré gbajúmọ̀ tàbí pé àkọlé rẹ̀ fa ojú mọ́ra.

Ẹ̀fẹ̀ ni ibi tí ìlànà mi ti le jù láti tẹ̀ lé. Iṣẹ́ eré ẹ̀fẹ̀ ni láti pani lẹ́rìn-ín, nítorí náà adùn wà lára ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n, a kò lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ wo ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín tó wá láti inú pé ahun kan fẹ́ ṣe ìsìnkú láìnáwó, tó sì ń bọ́ sínú wàhálà tó ju owó náà lọ, yóò ṣì pa yín lẹ́rìn-ín nígbà kejì, torí inú ìtàn ló wà. Ẹ̀rín tó wá láti inú aṣọ ńlá àti ẹnu yíyí máa ń tán lójú kan náà. Bí ẹ bá ní àǹfààní, ẹ jẹ́ kí ọmọdé àti àgbàlagbà jọ wò ó, kí ẹ máa wo ibi tí kálukú ti ń rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín níbi kan náà tí ìdí wọn sì yàtọ̀ síra, ẹ ti rí iṣẹ́ tó jinlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ jáde

Ẹ kọ gbólóhùn méjì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn. Àpẹẹrẹ kan nìyí: «Eré náà dùn mọ́ mi gan-an, torí orin rẹ̀ àti torí pé mo wò ó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ìparí rẹ̀ kò dára, torí ẹni tó tú àṣírí náà kò sí nínú ìtàn títí di apá tó kẹ́yìn.» Gbólóhùn kejì yìí ni ẹnikẹ́ni lè bá yín jiyàn lé lórí. Bó bá fi ìran kan hàn yín níbi tí ẹni náà ti yọjú ṣáájú, ẹ yí ìdájọ́ yín padà, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti yí adùn yín padà.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ní eré kan kò dára, kì í ṣe ìgbà yẹn ni èèyàn ń fẹnu ko àgbà lójú. «Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ibo gan-an lẹ ti rí i nínú eré náà?» ti tó. Nígbà mìíràn, Bàbá á nawọ́ sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí, irú bíi bí ìwẹ̀fà ṣe dúró níwájú ọba lọ́nà tí kò tọ́. Nígbà mìíràn sì rèé, yóò hàn pé ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọ inú eré náà kò dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, èyí tó lè jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ eré náà gan-an.

Fún eré tí kò tíì parí, ẹ dá ẹjọ́ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, ìfìwàwẹ̀dá, àwòrán àti ìró bó ṣe ń lọ, kí ẹ sì fi ẹjọ́ ìtàn sílẹ̀. Ẹ kọ àwọn ìlérí tí eré náà ti ṣe sílẹ̀ sínú ìwé: òrùka tí wọ́n fi hàn wá lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ kó tó kú. Bí apá ìkẹyìn bá dé, ẹ mú ìwé náà jáde kí ẹ sì máa fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.